Ọmọláńgidi ni wọ́n fi dán ìjókòó ọmọ yín wò: ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi nípa èyí tó ṣeé gbára lé

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi mí jù ní Ìkòròdú, tí wọ́n bá ra ìjókòó ọmọ tókúnbọ̀, ni pé, "Ṣé wọ́n ti dán an wò lókè òkun?" Bí lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ bá ṣì pé, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò. Ìbéèrè kejì ló ká mi lára jù, ẹni tó ń bi í kò sì pọ̀: ọmọláńgidi tí wọ́n fi dán an wò ńkọ́, ta ló dán òun náà wò? Kì í ṣe ọmọ ènìyàn ló jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ère onírọ́bà, oníke àti onírin ni. Bí ère yẹn bá purọ́, irọ́ ni gbogbo nọ́ńbà tó bá ti ara rẹ̀ jáde, ìjókòó tí kò yẹ kó kúrò nílé iṣẹ́ á sì gba òǹtẹ̀, ọmọ ẹlẹ́ran-ara á wá jókòó sínú rẹ̀ lójú ọ̀nà Ṣágámù.

Iṣẹ́ dídè ìjókòó ọmọ mọ́ ọkọ̀, àti kíkọ́ àwọn òbí bí wọ́n á ṣe máa dè é fúnra wọn, ni mò ń ṣe. Kò sí láàbù tí wọ́n ti ń fi ọmọláńgidi ṣe ìdánwò ìkọlù ní Ìkòròdú. Òkè òkun ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé wà nínú ìwé òfin tí ẹnikẹ́ni lè kà, mo sì ti rí i pé ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọmọláńgidi wò yóò mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ òun le sí nígbà tó bá ń de ìjókòó, yóò sì mọ ibi tí ìlérí lébẹ̀ẹ̀lì parí sí.

Ìdílé ọmọláńgidi méjì ló gbajúmọ̀. Ti Amẹ́ríkà ni Hybrid III. Ilé iṣẹ́ General Motors ló kọ́kọ́ ṣe é ní ìwọ̀n àgbà ọkùnrin ní 1976, kí wọ́n tó ṣe ti àwọn ọmọdé: ọlọ́dún mẹ́ta tó wọn nǹkan bíi kílò 16, ọlọ́dún mẹ́fà tó wọn kílò 23, àti ọlọ́dún mẹ́wàá tó wọn kílò 35. Ọmọ olóṣù méjìlá tiwọn ni wọ́n ń pè ní CRABI, kílò 10 lòun. Gbogbo ẹ̀yà ara wọn ló wà nínú òfin Amẹ́ríkà, ní abala 49 CFR Part 572. Ti Yúróòpù ni P àti Q. Àwọn P ló ti pẹ́, àwọn ni wọ́n sì fi dán ìjókòó tó ní òǹtẹ̀ R44, òfin àtijọ́ ti Yúróòpù lórí ìjókòó ọmọ, wò. Àwọn Q ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin tuntun, R129, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013: Q0 jẹ́ kílò 3.4 bí ọmọ tuntun, Q1 jẹ́ 9.6, Q1.5 jẹ́ 11.1, Q3 jẹ́ 14.6, Q6 jẹ́ 22.9, Q10 jẹ́ 35.6. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2024 ni àwọn ilé ìtajà ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọṣepọ̀ Yúróòpù (EU) kò ti gbọ́dọ̀ ta R44 tuntun mọ́. Ìwọ̀nyẹn ṣì pọ̀ nínú ọjà tókúnbọ̀ wa.

Ìyàtọ̀ àárín P àti Q tóbi ju orúkọ lọ. Nínú P, amọ̀ rírọ̀ ni wọ́n máa ń fi sí ibi ikùn. Lẹ́yìn ìdánwò wọ́n á yọ ọ́ wò bóyá bẹ́líìtì ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó. R44 tún ń wo bí orí ṣe fò síwájú tó, kò gbọ́dọ̀ kọjá mìlímítà 550, àti bí àyà ṣe gbá, kò gbọ́dọ̀ kọjá g 55. (g kan ni agbára tí ilẹ̀ fi ń fa olúkúlùkù wa mọ́lẹ̀. Ní g 10, ara èèyàn á wúwo bí ìlọ́po mẹ́wàá.) R129 wá fi nọ́ńbà ti orí fúnra rẹ̀ kún un, torí orí Q ní sẹ́ńsọ̀ tó ń kà á. Bí ẹ bá ní R44 àti R129 níwájú yín, tí méjèèjì mọ́, tí ọjọ́ wọn kò sì tíì kọjá, R129 ni mo máa ní kí ẹ mú, torí pé ọmọláńgidi tirẹ̀ sọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù.

Kí ọmọláńgidi tó wọ ìdánwò kankan, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò bí mẹkáníìkì ṣe ń yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò. Ṣé awọ orí ti ya? Ṣé rọ́bà ọrùn ti là? Ṣé egungun ìhà ti tẹ̀ tí kò padà? Ṣé wáyà sẹ́ńsọ̀ há sí oríkèé? Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún oríkèé ṣe. Ẹ gbé apá rẹ̀ nà gbọọrọ: ó gbọ́dọ̀ dúró fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka kan kàn án díẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀. Oríkèé tó le jù máa ń gba agbára tó yẹ kó lọ sí àyà àti ọrùn, nọ́ńbà á wá kéré ju òtítọ́ lọ. Èyí tó dẹ̀ jù á jẹ́ kí apá máa fò káàkiri, á lè gbá orí tàbí kó fa wáyà já.

Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é gbọ́dọ̀ wà láàárín 20.6 sí 22.2 nínú ìwọ̀n Celsius, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 10 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á fi ọmọláńgidi síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí inú rẹ̀ pàápàá tó tutù dé ìwọ̀n yẹn. Ìdí rẹ̀ ni pé rọ́bà àti ike rẹ̀ máa ń rọ̀ nínú ooru, wọ́n sì máa ń le nínú òtútù. Ọrùn tó rọ̀ á tẹ̀ ju bó ṣe yẹ, àyà tó rọ̀ á rì ju bó ṣe yẹ. Ẹ rò ó wò: aago méjì ọ̀sán ní Sábó, ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn pẹ̀lú fèrèsé pípadé. Ìdánwò tó wà lórí lébẹ̀ẹ̀lì kò wáyé nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wáyé lórí ike tó ti ń jẹ oòrùn fún ọdún márùn-ún.

Ìdánwò orí ni mo fẹ́ràn láti máa ṣàlàyé jù, torí ó rọrùn láti fojú rí. Wọ́n á yọ orí kúrò lọ́rùn, wọ́n á fi ẹ̀mí ọtí nu iwájú orí àti irin tó máa já lé kí ọ̀rá ọwọ́ má bàa wà níbẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Irin pẹlẹbẹ náà nípọn tó mìlímítà 50.8, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mìlímítà 610. Wọ́n á so orí kọ́, iwájú orí á dojú kọ ilẹ̀, ibi tó sún mọ́ irin jù lára rẹ̀ á jìnnà sí irin ní mìlímítà 376 gééré. Wọ́n á wá tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìtì í. Fún ọlọ́dún mẹ́ta ti Hybrid III, nọ́ńbà tó ga jù gbọ́dọ̀ wà láàárín g 250 sí 280. Sí ẹ̀gbẹ́, kò gbọ́dọ̀ kọjá 15. Ilà tó bá yọ lójú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní òkè kan ṣoṣo, gbígbọ̀n tó bá sì tẹ̀ lé e kò gbọ́dọ̀ tó ìdá mẹ́wàá òkè yẹn. Ti ọlọ́dún mẹ́fà gbòòrò díẹ̀ sí i, láti 245 sí 300.

Ọ̀nà tí orí fi já yẹn ń sọ ohun púpọ̀. Bó bá kọjá 280, awọ ìta ti ń le, ó ti gbó. Bí kò bá dé 250, ẹ wò ó bóyá yàrá gbóná jù tàbí awọ náà kò jókòó dáadáa lórí egungun. Bí ti ẹ̀gbẹ́ bá kọjá 15, orí ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó ń já, ẹ tún un so. Bí òkè bá di méjì, skúrù kan ti tú nínú agbárí tàbí sẹ́ńsọ̀ kò dúró ṣinṣin, nǹkan méjì ló sì gbá ara wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún orí kan náà jù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún nílò wákàtí díẹ̀ láti padà sípò. Ẹni tó bá kánjú á rí nọ́ńbà tó ń gòkè, á sì rò pé ọmọláńgidi ló ń bàjẹ́.

Ti ọrùn, wọ́n á so orí àti ọrùn mọ́ apá irin tó ń fì. Á fì wálẹ̀ dé ìyára mítà 5.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á dúró lójijì, orí á tẹ̀ síwájú. Ọlọ́dún mẹ́ta gbọ́dọ̀ yí láàárín dígírì 70 sí 82, agbára tó ń tẹ ọrùn náà sì gbọ́dọ̀ wà láàárín Nm 42 sí 53 (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń yí nǹkan; N lásán ni ti fífà). Okùn irin kan gba inú ọrùn yẹn kọjá. Bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá dẹ̀, orí á yí jù. Bó bá fún jù, á yí kéré. Ti àyà, irin tó wọn kílò 1.7 á wá gbá àyà ní mítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá, àyà sì gbọ́dọ̀ rì láàárín mìlímítà 32 sí 38. Ó kéré tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbọ́dọ̀ wà láàárín gbígbá kan àti èkejì.

Kí ló dé tí ààlà wọ̀nyí fi há tó bẹ́ẹ̀? Ìṣirò ló fà á. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá orí ọmọ á fara pa ni HIC. Wọ́n á mú àkókò tí kò ju ìdá 36 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n á wá àròpín g inú àkókò yẹn, wọ́n á gbé e sí agbára 2.5, wọ́n á sì fi àkókò náà sọ ọ́ di púpọ̀. Lábẹ́ òfin FMVSS 213 ti Amẹ́ríkà, kò gbọ́dọ̀ kọjá 1000. Agbára 2.5 yẹn ló ń sọ àṣìṣe kékeré di ńlá. Ká ní sẹ́ńsọ̀ ń ka g ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí òtítọ́. 0.9 ní agbára 2.5 jẹ́ 0.768. Ìjókòó tí HIC rẹ̀ jẹ́ 1200 gan-an, tó yẹ kó já, á wá fi 922 hàn, á sì yege. Kò sí ẹni tó yí nọ́ńbà. Sẹ́ńsọ̀ tí wọn kò yẹ̀ wò ló ṣe é. Mo gbà pé ibi tó léwu jù nínú gbogbo ètò náà nìyí, torí ojú lásán kò lè rí i: ọmọláńgidi á mọ́, aṣọ rẹ̀ á mọ́, fídíò á dára.

Nǹkan mìíràn tó tún máa ń da nọ́ńbà rú ni wáyà tó fà nígbà tí pèpéle ìdánwò (àga orí irin tó ń sáré dípò ọkọ̀) sáré, sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn dípò iwájú, àti gbígbọ̀n irin tó máa ń dà bí ìkọlù. Torí gbígbọ̀n yìí ni wọ́n ṣe ń sẹ́ nọ́ńbà bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Asẹ́ ti orí ni wọ́n ń pè ní CFC 1000, ti àyà ni CFC 180. Ẹni tó bá fi asẹ́ àyà sẹ́ nọ́ńbà orí á gé òkè rẹ̀ kúrò, HIC á wálẹ̀, ìjókòó burúkú á tún rí ojúure.

Bí ọmọláńgidi kan bá ti yege lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn kò tíì tó. Wọ́n ń béèrè nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ṣé òun fúnra rẹ̀ á sọ ohun kan náà bí wọ́n bá tún un ṣe? Èkejì, ṣé ọmọláńgidi mìíràn tí wọ́n fi àwòrán kan náà ṣe á bá a sọ ọ́? Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ìṣirò hàn. Ká ní orí kan já lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sì fún wa ní 262, 268, 259, 271, 265. Àròpín jẹ́ 265, ìyapa rẹ̀ (bí àwọn nọ́ńbà ṣe tàn ká àròpín tó) jẹ́ 4.7, ìyẹn ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún àròpín. Orí kejì fún wa ní 277, 279, 275, 278, 276. Àròpín 277, ìyapa 1.6, ìdá 0.6 péré. Nínú àṣà iṣẹ́ yìí, ohun tí kò bá ju ìdá 5 lọ dára gan-an, 5 sí 8 dára, 8 sí 10 ṣeé fara mọ́, ohun tó bá ju 10 lọ kò dára.

Ẹ wo orí kejì yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣọ̀kan ju ti àkọ́kọ́ lọ, gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lábẹ́ 280. Síbẹ̀ òun ni mi ò ní fọkàn tán, torí gbogbo wọn ti gòkè dé ẹnu ààlà. Awọ rẹ̀ ti ń le. Ó ń sọ ohun kan náà lemọ́lemọ́, ohun tó ń sọ sì ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Bí láàbù bá ń kọ àròpín ti oṣù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n á rí i pé ó ń gòkè kí ó tó kọjá ààlà, wọ́n á sì pààrọ̀ awọ náà kí ìjókòó kankan tó tipasẹ̀ rẹ̀ gba nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọmọláńgidi tó yege pátápátá náà ní ibi tí kò lè dé. Wọn kì í fi ọmọ ènìyàn ṣe ìdánwò, nítorí náà ara àgbà ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ ìwọ̀n rẹ̀, tí wọ́n fi ìṣirò dín in kù dé ti ọmọdé. Ẹ̀yìn Hybrid III ọmọdé le ju ẹ̀yìn ọmọ gidi lọ, kì í tẹ̀ bí ti ọmọ, ọrùn ló wá ń ṣe gbogbo iṣẹ́ títẹ̀ náà. Ti ọlọ́dún mẹ́wàá burú débi pé àgbọ̀n rẹ̀ máa ń gbá àyà rẹ̀, HIC á sì fò sókè nítorí èyí. Ìdí nìyẹn tí NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, fi gba ọmọláńgidi náà wọlé ní 2012 láìfi HIC rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n ti ń ṣe òmíràn tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, LODC lorúkọ rẹ̀. Mo ka ìpinnu yẹn sí iṣẹ́ ọmọlúàbí: wọ́n mọ nọ́ńbà tí kò ṣeé gbára lé, wọ́n sì kọ̀ láti fi dájọ́.

Ọmọláńgidi kì í sùn, kì í yọ ọwọ́ kúrò nínú okùn, kì í fi ẹ̀gbẹ́ jókòó torí pé ó fẹ́ wo ojú fèrèsé. Ó jókòó bí wọ́n ṣe gbé e sí. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti délé wa.

Nínú ìdánwò Amẹ́ríkà, pèpéle á sáré kílómítà 48 ní wákàtí kan, ti Yúróòpù 50, ìkọlù á sì tó nǹkan bíi g 24. Ọmọ kílò 10 á fa ohunkóhun tó dì í mú pẹ̀lú agbára bíi kílò 240. Kò sí ìyá tó lè fi ọwọ́ di ìyẹn mú lórí itan. Ṣùgbọ́n kí ìjókòó tó rí agbára yẹn gbà, wọ́n ti kọ́kọ́ fa bẹ́líìtì ọkọ̀ tó dè é mọ́lẹ̀ débi tó le láàárín N 53.5 sí 67, nǹkan bíi kílò 6. Okùn èjìká ọmọláńgidi náà le débi pé bí ẹ bá fi agbára N 9, tí kò tó kílò kan, fà á sókè, mìlímítà 7 péré ló máa fi kúrò lára. Ti Yúróòpù, pákó tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn ọmọláńgidi, wọ́n á fún okùn, wọ́n á sì yọ pákó kúrò, kí ó lè dẹ̀ díẹ̀ bí òbí ṣe máa ń dè é. Ohun tó bá dẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí nínú ìlérí lébẹ̀ẹ̀lì.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń ní kí wọ́n dè é nìyí. Ọ̀pọ̀ tókúnbọ̀ tó ń rìn ní Ìkòròdú, Camry, Corolla, Sienna, láti Amẹ́ríkà ni. Bẹ́líìtì ẹ̀yìn wọn ní títì nínú. Ẹ ti bẹ́líìtì bọ ojú ọ̀nà rẹ̀ lára ìjókòó, ẹ ki orí irin rẹ̀ bọ ilé rẹ̀, kí ẹ fa apá èjìká jáde tán pátápátá, kí ẹ wá jẹ́ kó máa padà. Ẹ máa gbọ́ ta-ta-ta. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, kò tíì tì, bẹ́líìtì á máa dẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Ẹ fi orúnkún tàbí àtẹ́lẹwọ́ tẹ inú ìjókòó mọ́lẹ̀, kí ẹ máa fa bẹ́líìtì bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ di ìjókòó mú ní ojú ibi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, ẹ mì í sọ́tùn-ún, sósì, síwájú: kò gbọ́dọ̀ kúrò ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Ẹ má di orí rẹ̀ mú mì, orí máa ń mì bó ti wù kí ìdí le tó. Bí ìjókòó tó dojú kọ iwájú bá ní okùn òkè, ẹ fi kọ́ ojú irin tó wà lẹ́yìn àga ọkọ̀. Nínú òfin Amẹ́ríkà, orí ọmọláńgidi lè fò síwájú dé mìlímítà 813 láìsí okùn yẹn. Pẹ̀lú rẹ̀, 720 ni ààlà. Ìyàtọ̀ tó fẹ́ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 lè jẹ́ àlàfo tó wà láàárín iwájú orí ọmọ àti ẹ̀yìn àga iwájú.

Ti ọmọ: okùn èjìká gbọ́dọ̀ jáde ní èjìká tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ọmọ bá kọjú sẹ́yìn, ní èjìká tàbí lókè rẹ̀ bó bá kọjú síwájú. Ẹ gbìyànjú láti fi ìka méjì ká okùn náà lórí èjìká. Bó bá ká, ó dẹ̀. Kílíìpù àyà ti Amẹ́ríkà á wà ní ìwọ̀n abíyá. Nígbà ọyẹ́, ẹ bọ́ súwẹ́tà tó nípọn kúrò kí ẹ tó de ọmọ, ẹ wá fi aṣọ bò ó lókè okùn. Ọmọ tó kọjú sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ jókòó níwájú éábáàgì tó ń ṣiṣẹ́ láéláé. Inú kòròpé tàbí danfo tí kò ní bẹ́líìtì, àti inú kẹ̀kẹ́ Márúwá, kò sí ohun tí ìjókòó lè rí gbá mú. Ẹ má fi owó yín rà á tìtorí àwọn yẹn.

Ìjókòó tuntun ni wọ́n ń fi ṣe ìdánwò, wọn kì í tún un lò lẹ́yìn náà. Tókúnbọ̀ kì í ṣe tuntun. Ẹ yí i dojú dé, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó parí. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ọdún 6 sí 10. Ẹ ṣí aṣọ rẹ̀, ẹ wo fóòmù funfun inú rẹ̀ bóyá ó ti là, ẹ wo ike bóyá ibì kan ti funfun bí ike tí wọ́n tẹ̀. Okùn tí wọ́n ti fi omi afọṣọ-funfun fọ̀, tàbí tí télọ̀ ti tún rán, ẹ má gbà á. Ìwọ̀n ìyẹn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Fún kíkọ́ ọwọ́, ẹ lè rán ọmọláńgidi oníyanrìn. Kílò 10 ni mo fẹ́ràn: orí kílò 2.5, torí orí ọmọ ọdún kan máa ń tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara rẹ̀. Àyà àti ikùn 4.5, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan 1, apá kọ̀ọ̀kan 0.5. Yanrìn gbígbẹ tí ẹ ti jọ̀, nǹkan bíi lítà 6 lápapọ̀, nínú ọ̀rá tí ẹ dì pa, lẹ́yìn náà nínú àpò kàkí tí wọ́n rán lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rán ibi ìbàdí ní pẹlẹbẹ láìfi yanrìn sí i kí ó lè jókòó. Ẹ wọn ọmọ yín láti ìdí dé èjìká, kí èjìká ère náà sì dé ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ lo òṣùwọ̀n tí ẹ ti fi ohun tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ìdánwò tirẹ̀ jọ ti láàbù. Ẹ gbé e sínú ìjókòó, ẹ de okùn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ fa ilà sára okùn níbi tó ti jáde. Ẹ tú u, ẹ tún un dè, ẹ wo bí ilà ti jìnnà sí ara wọn tó. Kí bàbá ọmọ, ìyá àgbà, tàbí dírẹ́bà náà dè é, ilà tiwọn náà. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá ń yàtọ̀ sí ara rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ó nílò kíkọ́ sí i. Bí ọwọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan bá ṣọ̀kan ṣùgbọ́n tí ti dírẹ́bà dẹ̀ ju ti ìyá lọ, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ pé kò fún okùn ìbàdí kí ó tó fún ti èjìká.

Ère oníyanrìn kò lè sọ ohunkóhun nípa ìfarapa. Àwọn kan ń gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n á tẹ bíréèkì lójijì, wọ́n á ya fídíò pé ìjókòó náà dára. Bíréèkì tó le jù kì í sábà dé g kan. Ìkọlù inú ìdánwò jẹ́ nǹkan bíi 24. Fídíò yẹn kò fi nǹkan kan hàn, ó sì lè tan ìyá tó ń wò ó jẹ.

Yanrìn máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́ bí ọ̀rá bá ti lu, ní àkókò òjò pàápàá. Ẹ máa wọn ère náà kí ẹ tó lò ó. Bó bá ti kọjá kílò 10.2, ẹ tú u, ẹ sá yanrìn náà sóòrùn títí á fi gbẹ, ẹ pààrọ̀ ọ̀rá, kí ẹ sì wọn ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ẹ tó tún un rán pa.